Ọ̀rẹ́ Tí Tìmílẹ́yìn Pè Ní Ọlọ́kadà

Bí ènìyàn bá gba títì ọlọ́dà láti Tchaourou, tó dorí kọ Parakou, tó wá wọ Tchatchou, kó tó dé ibi tí àwọn obìnrin ń to iṣu jọ sí fún àwọn onímọ́tò, yóò rí àtíbàbà páànù kan lọ́wọ́ ọ̀tún. Ìjókòó alùpùpù ni wọ́n so rọ̀ síwájú rẹ̀, pupa, dúdú, aláwọ̀ ewé, bí ẹran tí alápatà fi kọ́. Ọkùnrin tó jókòó sídìí máṣíìnì níbẹ̀ ni Olúwatìmílẹ́yìn, ọmọ Ṣakí ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Ìjókòó alùpùpù ló ń rán. Àwọn ọmọdé ń pè é ní tonton Nàìjá, ìyẹn bọ̀dá ará Nàìjíríà, àwọn àgbà ń pè é ní Tìmí. Ọdún kọkàndínlógún rẹ̀ rèé níbẹ̀.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni nígbà tó dé. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ló sọ fún un pé alùpùpù pọ̀ ní ilẹ̀ Benin ju ewé lọ, àti pé àwọn tó mọ ìjókòó rán níbẹ̀ kò tó nǹkan. Ó di máṣíìnì rẹ̀ sẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù, ó bọ́ sọ́nà. Ohun tí ọ̀gá náà kò sọ ni pé Yorùbá tó gbójú lé kò ní gbé e jìnnà. Baatonum ni ọ̀pọ̀ ará Tchatchou ń sọ. Faransé ni ti ọ́fíìsì àti ti ilé ìwòsàn. Àwọn Nàgó, tí wọ́n jẹ́ ọmọ ìyá Yorùbá, wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń sọ tiwọn tí wọ́n sì fi Faransé lú u, Tìmílẹ́yìn á gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀, á gbọ́ ìparí, àárín á sì gba abẹ́ àpáta lọ bí omi.

Zakirou ni oníbàárà rẹ̀ àkọ́kọ́. Nàgó ni, mùsùlùmí, bàbá rẹ̀ ń dá oko kajú ní Bétérou. Iṣẹ́ zém lòun ń ṣe, ìyẹn ni pé ó ń fi alùpùpù gbé èrò. Ìjókòó alùpùpù rẹ̀ ti ya lójú méjì, tìmùtìmù inú rẹ̀ ti yọ síta. Tìmílẹ́yìn tú u palẹ̀, ó fi lẹ́dà pupa bò ó, ó gba àárín rẹ̀ lówùú funfun. Zakirou jókòó lé e, ó dìde, ó tún jókòó.

“Ìyàwó mi á rò pé mo ti fẹ́ òmíràn lé e,” ló wí.

Lọ́jọ́ kejì, ó kó zém mẹ́rin wá. Nígbà tí wọ́n bi ara wọn léèrè ọjọ́ orí, ọdún kan náà ni wọ́n bí àwọn méjèèjì, oṣù nìkan ni kò bára mu. Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń pe ara wọn ní ìwọ, tí ẹnì kan kì í wọ̀lú kí ẹnì kejì má mọ̀.

Zakirou ló di etí Tìmílẹ́yìn, òun náà ló di ẹnu rẹ̀. Bí kò bá sí nítòsí, nǹkan máa ń ṣe.

Olùkọ́ kan wà tó ń ti Parakou wá, tó fẹ́ràn alùpùpù rẹ̀ bí ẹyinjú. Bí Tìmílẹ́yìn bá ti gbé òòlù láti kan ìṣó mọ́ abẹ́ ìjókòó, olùkọ́ náà á na ọwọ́ méjèèjì síwájú, á ní, “Doucement! Doucement!” Tìmílẹ́yìn rò pé orúkọ rẹ̀ ló ń sọ fún òun. Odindi oṣù méjì ló fi ń kí i lójú gbogbo ayé pé, “Ẹ káàárọ̀ o, Mùsíọ̀ Doucement!” Ọjọ́ tí Zakirou gbọ́ ọ, díẹ̀ ló kù kó jábọ́ lórí alùpùpù.

“Tìmí! Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀! Àgbàlagbà lo ń kí ní Ọ̀gbẹ́ni Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ yìí?”

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Àmọ́ nígbà tó rẹ́rìn-ín tán, ó tọ olùkọ́ náà lọ, ó ṣàlàyé fún un pé ní ìlú Tìmílẹ́yìn, orúkọ tí wọ́n fi ń yẹ́ ẹni tó níwà tútù sí ni. Inú olùkọ́ náà dùn débi pé ó gbé ìjókòó kejì wá.

Ìgbà kan tún wà tí obìnrin oníṣu kan kí i pé, “Tonton, ça fait deux jours!” Bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tí wọ́n ti rí tipẹ́ níbẹ̀ nìyẹn, pé ó tó ọjọ́ méjì. Tìmílẹ́yìn ti kọ́ òǹkà Faransé nígbà yẹn. Ó dúró, ó ń ka ìka, ó ní kì í ṣe ọjọ́ méjì, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni. Obìnrin náà ní òun sọ pé ọjọ́ méjì. Tìmílẹ́yìn ní irọ́ ni. Kí Zakirou tó dé, èrò ti pé lé wọn lórí.

Èyí tó le jù ni ti ibà tó gbé e dè ní ọdún kejì. Zakirou ti gbé èrò lọ sí Tchaourou, ni Tìmílẹ́yìn bá dá ara rẹ̀ wọ́ lọ sí ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ sí bi í léèrè ní Faransé. Òtútù ń mú un, ó sì fẹ́ kí wọ́n tètè fún òun ní oògùn, nítorí náà “oui” ló ń fi dáhùn ohun gbogbo. Wọ́n bi í bóyá ajá bù ú jẹ, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n bi í bóyá ajá náà ya dìgbòlugi, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n bi í bóyá ajá náà ti kú, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ó sì dúpẹ́. Wọ́n ti ń wá ọkọ̀ tí yóò gbé e lọ sí Parakou nígbà tí Zakirou já wọlé.

“Ajá wo?” ni Zakirou bi í.

“Ajá kẹ̀?” ni Tìmílẹ́yìn náà dáhùn.

Zakirou tú ọ̀rọ̀ náà fún nọ́ọ̀sì, ilé ìwòsàn sì dàrú fún ẹ̀rín. Àmọ́ kò fi í sílẹ̀ lọ síbi iṣẹ́ mọ́ lọ́jọ́ náà. Ó jókòó ti bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, Rahamatou ìyàwó rẹ̀ sì gbé ògì gbígbóná wá. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi tọ́jú rẹ̀ bí ọmọ ilé.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ irú ènìyàn tí Zakirou jẹ́, kó gbọ́ èyí náà. Ó mú Tìmílẹ́yìn lọ kí bàbá rẹ̀ ní Bétérou. Wọ́n gún iyán, wọ́n jẹ, wọ́n mu omi. Tìmílẹ́yìn kò tíì mọ̀ pé ní agbègbè náà, àlejò kì í ṣàdédé dìde kúrò nílé àgbà. Ó gbọ́dọ̀ tọrọ ọ̀nà, kí baálé sì fún un lọ́nà kó tó gbẹ́sẹ̀. Òun sọ pé, “Ó dàbọ̀ o, bàbá,” ó ti bọ́ síta, ó ti ń nu ìjókòó alùpùpù. Ojú bàbá ṣú bí òjò ìrọ̀lẹ́. Zakirou sún mọ́ ọn, ó kúnlẹ̀.

“Ẹ má bínú, bàbá. Lọ́dọ̀ tiwọn, ẹni tó bá ní in lọ́kàn láti padà wá kì í tọrọ ọ̀nà.”

Bàbá bú sẹ́rìn-ín. “Kó padà wá nígbà náà. Iṣu ṣì wà.”

Lẹ́yìn oṣù púpọ̀ ni Tìmílẹ́yìn tó gbọ́ ohun tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ nítorí rẹ̀. Ó ti tún padà sílé bàbá náà nígbà mẹ́ta kí ó tó gbọ́ ọ.

Zakirou náà ló ṣe alárinà nígbà tí Tìmílẹ́yìn fẹ́ Ìbùkún, ọmọ Nàgó onígbàgbọ́ kan ní Tchaourou. Mùsùlùmí ló lọ bá àwọn onígbàgbọ́ tọrọ ọmọ fún àjèjì, wọ́n sì gbà á gbọ́. Nígbà tí Rahamatou bí Raoudath, Tìmílẹ́yìn ló gbé ọmọ náà lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára nígbà tí bàbá rẹ̀ kò sí nílé. Bí ìyá Tìmílẹ́yìn bá pè láti Ṣakí, Zakirou á gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, á máa fi Nàgó ṣeré, Màmá á máa rẹ́rìn-ín. “Zakirou mi, ìgbà wo lò ń bọ̀ wá fojú kàn mí?” Gbólóhùn kan náà ni Màmá fi ń parí ọ̀rọ̀. “Mò ń bọ̀, Màmá. Bí Ọlọ́run bá fẹ́.” Ọdún kẹwàá kọjá lórí ìlérí yìí.

Ní oṣù kejì ọdún 2019, wọ́n ní Màmá ti jáde ní ilé ìwòsàn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó fi wà níbẹ̀. Gbogbo ọmọ ń péjọ láti bá a yọ̀. Ọláolúwa, ẹ̀gbọ́n Tìmílẹ́yìn, ń ti Ìbàdàn bọ̀ pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan.

“Alùpùpù mi ló máa gbé wa,” ni Zakirou wí. “Ọjọ́ ti pẹ́ tí Màmá ti ń retí mi.”

Tìmílẹ́yìn pe Màmá lórí fóònù, ó sọ fún un pé àwọn méjèèjì jọ ń bọ̀.

Ohun kan wà tí kò sọ fún Zakirou. Láti ọdún pípẹ́ ló ti ń bù mọ́ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ nílé. Nígbà tí Ọláolúwa ra ọkọ̀, Tìmílẹ́yìn náà ní òun ti ṣí ilé iṣẹ́ ńlá. Nígbà tí Ọláolúwa kọ́lé, Tìmílẹ́yìn ní ọmọ iṣẹ́ mẹ́fà ló wà lábẹ́ òun, pé àwọn ènìyàn pàtàkì ni ọ̀rẹ́ òun níbẹ̀. Páànù mẹ́jọ àti máṣíìnì kan ni gbogbo ilé iṣẹ́ náà. Ó ti purọ́ náà títí ó fi gbàgbé pé irọ́ ni.

Wọ́n kúrò ní Tchatchou ní ìdájí. Wọ́n gba Kika kọjá, wọ́n sọdá ibodè, wọ́n la ilẹ̀ àwọn Bàrùbá tó wà lápá Nàìjíríà já. Ọyẹ́ ń fẹ́, eruku pupa sì bo ọ̀nà. Zakirou ń pa àwàdà láti orí ìjókòó, ó ń kí gbogbo màlúù tí wọ́n bá pàdé bí ẹni ń kí àna. Nígbà tí wọ́n fi máa wọ Ṣakí, oòrùn ti ń rọlẹ̀, eruku sì ti sọ àwọn méjèèjì di ẹni ẹ̀yà kan náà. Tìmílẹ́yìn ní kí wọ́n dúró níbi ẹ̀rọ omi kan. Ó fọ ojú, ó pààrọ̀ aṣọ, ó wọ bàtà tuntun. Aṣọ kan ṣoṣo ni Zakirou mú wá, ó sì ní òun fi pamọ́ de ọjọ́ kejì, nígbà tí òun bá fẹ́ kí Màmá dáadáa.

Yàrá ńlá ilé náà ti kún. Ọláolúwa jókòó sórí àga tìmùtìmù, ọ̀rẹ́ rẹ̀ oníkùn ńlá kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Màmá ń sinmi ní yàrá. Zakirou bọ́ bàtà rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ó lóṣòó, ó ní, “Bonsoir o, ẹ kú ìjókòó.” Lẹ́yìn náà, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́bàá ògiri, bí wọ́n ṣe ń ṣe níwájú àgbà lọ́dọ̀ tiwọn. Ìyàwó Ọláolúwa gbé omi fún un. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó fi Faransé dúpẹ́ bí ẹni ń bá àǹtí rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó ní, “Mẹ̀sí, tata, mẹ̀sí.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò tíì burú títí dé ibẹ̀. Zakirou alára rẹ́rìn-ín. Ó wo Tìmílẹ́yìn bí ẹni tó ń dúró kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu òun, kó yí i padà di àwàdà, bí òun ti ṣe fún un láìmọye ìgbà.

Ọ̀rẹ́ Ọláolúwa nàka sí i. “Tìmí, níbo lo ti rí ará Kùtọnu yìí? Àbí àwọn ọ̀rẹ́ pàtàkì tí ẹ̀gbọ́n rẹ ń sọ fún wa nìyí?”

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ Tìmílẹ́yìn. Ó wo bàtà Zakirou lẹ́nu ọ̀nà, rọ́bà tí wọ́n ti fi okùn rán létí. Ó wo táìlì funfun tí eruku ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ya sí.

“Ọlọ́kadà tó gbé mi wá ni,” ló wí.

“Hẹn-ẹn! Mo rò pé ọ̀rẹ́ rẹ ni.”

“Rárá o. Ọlọ́kadà ni.”

Ọláolúwa yí sí ìyàwó rẹ̀. “Ẹ bu oúnjẹ fún ọlọ́kadà síta. Á ti rẹ̀ ẹ́.”

Kò sí ìbínú nínú ọ̀rọ̀ Ọláolúwa. Bí ènìyàn ṣe ń sọ pé kí wọ́n tan iná ló ṣe sọ ọ́. Zakirou gbé ife omi náà sílẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ó dìde, ó mú bàtà rẹ̀ lọ́wọ́, ó jáde láìwo ẹnikẹ́ni lójú. Orí búlọ́ọ̀kù kan lábẹ́ fèrèsé ni wọ́n gbé oúnjẹ bá a.

Fèrèsé yàrá Màmá ni. Nígbà tí Tìmílẹ́yìn wọlé lọ dọ̀bálẹ̀ fún un, ó rí i pé ó ti rù, ọwọ́ rẹ̀ sì fẹ́lẹ́. Ohun àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu ìyá náà lẹ́yìn ìkíni ni, “Zakirou mi dà?”

Ọláolúwa ti tẹ̀lé Tìmílẹ́yìn wọlé, ó dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn.

“Kò ráyè wá mọ́, Màmá,” ni Tìmílẹ́yìn wí. “Ó ní kí n kí yín gan-an.”

“Ó mà ṣe o. Mo ti ní kí wọ́n ṣẹ́ ẹtù kan kù fún un. Ohùn rẹ̀ nìkan ni mo ń gbọ́ láti ọjọ́ yìí, ó ti pẹ́ jù.”

Fèrèsé ṣí sílẹ̀. Tìmílẹ́yìn gbọ́ tí ṣíbí kan àwo níta, lẹ́yìn náà, kò gbọ́ nǹkan kan mọ́.

Ó dá ara rẹ̀ lójú pé òun á ṣàlàyé lọ́nà. Zakirou lóye àwàdà, ó mọ bí ẹ̀gbọ́n ṣe rí lára ènìyàn. Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó bá a níwájú ilé, ó ti nu alùpùpù, ó ti di ẹrù mọ́ ọn. Aṣọ àná ló ṣì wọ̀.

“Ẹ ti ṣetán?” ni Zakirou bi í.

Tìmílẹ́yìn wẹ̀yìn, ó rò pé ẹlòmíràn ló wà lẹ́yìn òun. Kò sí ẹnikẹ́ni.

“Ẹ gòkè ká máa lọ. Ọ̀nà jìn.”

Láti Ṣakí dé Tchatchou, ọ̀rọ̀ ọ̀nà nìkan ló jáde lẹ́nu rẹ̀: ẹ di nǹkan mú, kòtò wà níwájú, ẹ sọ̀ kalẹ̀ ká ti alùpùpù. Màlúù kọjá, kò kí wọn. Tìmílẹ́yìn ya ẹnu rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta láti sọ̀rọ̀, afẹ́fẹ́ gbà á lẹ́nu rẹ̀, inú rẹ̀ sì dùn pé afẹ́fẹ́ gbà á.

Ẹni tó bá ń retí ìjà lẹ́yìn náà kò rí i. Zakirou kò bá a jà. Ó ṣì ń yà kí i. Ó ṣì ń mú oníbàárà wá. Ọ̀wọ̀ ló gbé wá sáàárín wọn, “ẹ kú iṣẹ́, tonton,” “ṣé àlàáfíà lẹ wà,” “ẹ bá mi kí ilé.” Ọ̀wọ̀ náà pé pérépéré, kò sí ibi tí ènìyàn lè gbà wọ inú rẹ̀. Kò jókòó sórí àpótí inú àtíbàbà mọ́, ìdúró ló fi ń kí i.

Ọ̀sẹ̀ kan kò pé tí Ìbùkún fi kíyè sí i.

“Kí lẹ ṣe fún Zakirou?”

“Kí ni mo ṣe?”

“Mo gbọ́ tó ń pè yín ní ẹ̀yin. Èmi ìyàwó yín ni mo ń pè yín bẹ́ẹ̀. Ẹ lọ bẹ̀ ẹ́.”

Tìmílẹ́yìn ní kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó ní ó dìgbà tí iṣẹ́ bá dín kù. Ó ní ó di ẹ̀yìn àwẹ̀, ó di ẹ̀yìn ọdún Iléyá. Ojú ń tì í láti sọ ọ̀rọ̀ náà jáde, nítorí bó bá sọ ọ́, ó gbọ́dọ̀ sọ irọ́ ilé iṣẹ́ ńlá náà mọ́ ọn. Báyìí ló ṣe jẹ́ kí egbò tí omi gbígbóná ìbá fọ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo di adáàjinná.

Nàìjíríà ti ibodè pa lọ́dún náà. Ní oṣù kọkànlá, Ọláolúwa pè. Màmá ti kú.

Kò sí awakọ̀ tó fẹ́ gbé ẹnikẹ́ni kọjá. Tìmílẹ́yìn lọ sí Tchaourou, ó padà lọ́wọ́ òfo. Ìdájí ọjọ́ kejì, ó gbọ́ ìró alùpùpù níwájú ilé. Zakirou ni. Ìbùkún ló lọ sọ fún un.

“Mo gbọ́,” ló wí. “Ẹ kú ọ̀fọ̀. Ẹ múra ká lọ.”

Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ ni wọ́n gbà lẹ́yìn Kika, láàárín oko ẹlòmíràn, wọ́n ń ti alùpùpù la odò gbígbẹ kọjá. Zakirou ṣubú lẹ́ẹ̀kan, orúnkún rẹ̀ bó. Ó di aṣọ mọ́ ọn, ó tún gbá alùpùpù. Nígbà tí wọ́n dé etí ìlú Ṣakí, ó dúró níwájú mọ́ṣáláṣí kékeré kan.

“Ẹ máa rìn lọ láti ibí, kò jìn mọ́. Mo máa dúró dè yín.”

“Zakirou, jọ̀wọ́.” Omijé ti ń dà lójú Tìmílẹ́yìn, kò sì mọ èyí tó jẹ́ ti ìyá rẹ̀ nínú rẹ̀. “Jẹ́ ká jọ wọlé. Màá sọ fún gbogbo wọn. Màá sọ ẹni tó o jẹ́.”

“Ta lẹ máa sọ fún?” Ohùn rẹ̀ kò le. Àárẹ̀ ló wà nínú rẹ̀. “Ẹnì kan ṣoṣo ló ń retí mi nínú ilé yẹn. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ojú fèrèsé. Mo ní kí n dáhùn, mo tún rò ó pé ojú á tì yín. Ẹ lọ, tonton. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n sin ín kí ẹ tó dé.”

Wọ́n sin Màmá ní ọ̀sán ọjọ́ náà. Lẹ́yìn ìsìnkú, Tìmílẹ́yìn fa Ọláolúwa sí ẹ̀gbẹ́ kan.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ọkùnrin tí mo pè ní ọlọ́kadà lóṣù kejì yẹn, ọ̀rẹ́ mi ni. Òun ni Zakirou tí Màmá ń bèèrè.”

Ọláolúwa wò ó. Ó ti sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. “Ọkùnrin wo?”

“Èyí tó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Tí ẹ ní kí wọ́n bu oúnjẹ fún síta.”

Ọláolúwa ronú díẹ̀, ó mi orí. “N ò rántí rẹ̀ o, àbúrò mi.”

Ìyẹn ló dùn ún jù lọ títí di òní. Àwọn tó torí wọn sẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò tilẹ̀ rántí pé ẹnì kan jókòó níbẹ̀. Àbámọ̀ ní ń gbẹ̀yìn ọ̀ràn, àwọn àgbà kò purọ́.

Ọjọ́ méjì ni Zakirou fi dúró ní mọ́ṣáláṣí náà, ó ń fi omi fọ orúnkún rẹ̀, ó ń bá wọn kírun. Ó gbé Tìmílẹ́yìn padà sí Tchatchou láìgba ẹyọ ọpẹ́ kan ju èyí tí ènìyàn ń ṣe fún ẹni tó sin ín sọ́nà.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, bàbá Zakirou kò lè dá oko mọ́. Zakirou ta alùpùpù rẹ̀, ó kó ìyàwó àti ọmọ padà sí Bétérou, ó dojú kọ kajú. Ó wá dágbére. Ó dúró lójú ọ̀nà, ó kí Ìbùkún, ó kí Tìmílẹ́yìn, ó ní kí wọ́n máa fi àdúrà ran òun lọ́wọ́.

Ọdún méjì gbáko ló tún kọjá kí Tìmílẹ́yìn tó ṣe ohun tó yẹ kó ti ṣe lójú ọ̀nà Ṣakí. Ó bẹ tonton Latifou, àgbà àwọn zém ní Tchatchou, pé kó bá òun lọ. Wọ́n lọ sí Bétérou ní àsìkò tí kajú ń pọ́n. Rahamatou rí wọn lọ́ọ̀ọ́kán, ó sáré gbé àga jáde, ó fi aṣọ nù ún. Wọ́n gbé omi tútù wá, wọ́n pa adìyẹ. Tìmílẹ́yìn dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀ níwájú ọkùnrin tó jẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀, ó sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, ti ilé iṣẹ́ ńlá, ti ọmọ iṣẹ́ mẹ́fà, ti ọ̀rọ̀ tó sọ nínú yàrá Màmá. Tonton Latifou gbé ojú sápá kan.

Zakirou fa á dìde.

“Ẹ dìde, ẹ dìde. Mo ti dárí jì yín tipẹ́. Kò sí nǹkan kan nínú mi mọ́.”

“Bí kò bá sí nǹkan kan, pè mí bó o ṣe ń pè mí tẹ́lẹ̀.”

Zakirou rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ya ẹnu rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ gbìyànjú, gbogbo wọn sì rí i pé ó gbìyànjú lóòótọ́. Lẹ́yìn náà, ó mi orí.

“Ẹnu mi ò gbé e mọ́, tonton. Ẹ jẹ́ ká jẹun.”

Wọ́n jẹun. Adìyẹ náà dùn. Itan méjèèjì ni wọ́n kó sínú àwo àlejò. Nígbà tí wọ́n ń lọ, Zakirou sìn wọ́n dé ìta abúlé, ó bọ̀ wọ́n lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó padà sínú oko rẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, oníbàárà kan tó ti Bétérou wá ń dúró de ìjókòó rẹ̀, ó sì ń ròyìn ìgbéyàwó kan tí wọ́n ṣe níbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, bí iyán ṣe pọ̀ tó, bí òjò ṣe fẹ́ da gbogbo rẹ̀ rú. Tìmílẹ́yìn bi í ọmọ ta ni ìyàwó.

“Raoudath, ọmọ Zakirou oníkajú. Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n ni?”

Tìmílẹ́yìn ní òun mọ̀ ọ́n. Kò sọ pé òun ló gbé e lọ gba abẹ́rẹ́. Ó kó owú sẹ́nu abẹ́rẹ́ máṣíìnì, owú kò wọlé, ó tún un ṣe. Nígbà tó délé, ó sọ fún Ìbùkún. Ìbùkún ní kí àwọn ra aṣọ ránṣẹ́ sí ọmọ náà. Wọ́n ra ọ̀pá aṣọ mẹ́fà, wọ́n fi rán oníbàárà náà.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan ni ọkùnrin náà tún kọjá. Ó ní inú ìyàwó tuntun dùn sí aṣọ náà, pé bàbá rẹ̀ ní kí òun bá wọn dúpẹ́ lọ́wọ́ tonton tó wà ní Tchatchou, kí Ọlọ́run bá wọn fi rere san án.

“Ṣé kò sọ nǹkan mìíràn?” ni Tìmílẹ́yìn bi í.

Ọkùnrin náà ronú. “Rárá. Ó ní kí n ṣáà dúpẹ́ gan-an ni.”

Tìmílẹ́yìn ní ó dára. Ó gba ìjókòó tí ọkùnrin náà gbé wá, ó yí i wò, ó sì bi í irú àwọ̀ tó fẹ́.